Bí A Ṣe Wá Ibi Tí Afẹ́fẹ́ Wà ní Abereke

Ìgò oògùn náà lọ́ wọ́ọ́rọ́ lọ́wọ́ mi ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn, bí ẹyin tí adìyẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lórí rẹ̀. Mo dúró níwájú fíríìjì kékeré tó wà ní igun pálọ̀ wa, mo ṣí i, mo pa á dé, mo tún un ṣí, bí ẹni pé tí mo bá ṣí i dáadáa nígbà kejì, òtútù á padà sínú rẹ̀. Oòrùn kò yọ láti bí ọjọ́ mélòó kan, bátìrì sólà wa ti kú, òjò sì ń rọ̀ lórí páànù débi pé a ní láti pariwo kí a tó gbọ́ ara wa. Bàbá mi jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ó ń dúró kí n wá gún òun ní abẹ́rẹ́ kí òun tó jẹun. Nígbà tó rí i pé mo pẹ́, ó béèrè láìyí ojú padà pé, "Ó tún ti bàjẹ́, àbí?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Ẹ má bínú."

"Ta ni mo fẹ́ bínú sí? Ṣé òjò ni?" Ó rẹ́rìn-ín.

Olùkọ́ ni mí nígbà náà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìlú wa, níbi tí a ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò tí ìró òkun sì ń bá wa dá sí i. Apẹja ni bàbá mi títí ojú rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì. Ìtọ̀ ṣúgà ló ṣe é. Dókítà ilé ìwòsàn tí a ń lọ ní Igbókọ̀dá sọ fún wa pé abẹ́rẹ́ ni bàbá á máa gbà lójoojúmọ́, àti pé oògùn inú ìgò náà kò gbọdọ̀ kúrò nínú òtútù, torí tí ooru bá ti mú un, bí omi lásán ló rí. Ó rọrùn fún dókítà láti sọ bẹ́ẹ̀. Iná ìjọba ti fi etíkun wa sílẹ̀ tipẹ́, àwọn wáyà rẹ̀ ti já sínú omi, àwọn kan sì ti fi òpó rẹ̀ so ọkọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn ló ra sólà àti fíríìjì kékeré náà fún wa. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kò sí wàhálà kankan. Ṣùgbọ́n òjò Ìlàjẹ kì í ṣe òjò tó ń rọ̀ kó sì dá. Tó bá ti gbé ojú ọ̀run dé, ó lè gbàgbé láti ṣí i.

Mo wọ ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì lọ sí Igbókọ̀dá lọ́jọ́ yẹn nínú òjò, mo ra oògùn míràn, mo gbé e padà sínú kúlà oníyìnyín. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi gbọ́, kò bá mi jà. Ohùn pẹ̀lẹ́ ló fi sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ìyẹn gan-an ló sì bà mí lẹ́rù.

"Àbúrò mi, o ti gbìyànjú. Ṣùgbọ́n tí òjò ọdún tó ń bọ̀ bá tún bá Bàbá níbẹ̀ báyìí, màá wá gbé wọn. Ọ̀dọ̀ mi ní Ìbàdàn ni wọ́n á máa gbé. Iná ò dúró dáadáa níbí náà, ṣùgbọ́n jẹnẹrétọ̀ wà."

Mo sọ ọ́ fún bàbá mi. Ó ní, "Kí ni mo fẹ́ máa wò ní Ìbàdàn? Páànù?" Kò jẹun mọ́ lálẹ́ ọjọ́ náà. Ọkùnrin tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ mọ ìgbà tí omi á kún àti ìgbà tí omi á fà, wọ́n fẹ́ gbé e lọ jókòó sí bákónì kan, kó máa ka ọ̀kadà. Mo mọ̀ nínú ara mi pé tó bá lọ, kò ní padà wá mọ́.

Ibẹ̀ ni ọgbọ́n afẹ́fẹ́ ti dé sí mi lórí. Mo rí fídíò kan lórí fóònù, níbi tí ọkùnrin kan ti gbé fáànù kan sórí òrùlé rẹ̀ ní ìlú òyìnbó, tí fáànù náà ń yí, tí gbogbo ilé sì ń tàn yòò. Inú mi dùn bí ẹni rí ìṣúra he. Ta ló ní afẹ́fẹ́ tó wa? Afẹ́fẹ́ tó ń ṣí òrùlé ilé ẹ̀kọ́ wa lọ́dọọdún, tó ń gbé aṣọ lórí okùn lọ sí ọgbà aládùúgbò, ṣé kò ní lè yí fáànù kékeré kan ni? Mo ti ń ka ohun tí màá fi iná náà ṣe: fíríìjì, gílóòbù, tẹlifíṣọ̀n, áyọ́ọ̀nù, títí kan ẹ̀rọ ìlọta. Kò ku ohunkóhun lójú mi ju kí wọ́n gbé ẹ̀rọ náà wá. Olùkọ́ ìṣirò ni mí, bẹ́ẹ̀ n kò tíì ṣe ìṣirò kan ṣoṣo.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní Igbókọ̀dá ló júwe ẹnjiníà obìnrin kan fún mi, ọmọ Àkúrẹ́, tó ń bá àwọn ènìyàn to sólà. Ó wá pẹ̀lú bàtà òjò àti báàgì irinṣẹ́ lẹ́yìn. Bàbá mi wò ó láti òkè délẹ̀, ó ní, "Ọmọ mi, ṣé ìwọ lo máa gun òpó náà?" Ẹnjiníà kúnlẹ̀ kí i, ó ní, "Èmi ni, Bàbá, ṣùgbọ́n kí a kọ́kọ́ mọ̀ bóyá òpó máa wà."

Ọ̀rọ̀ yẹn kò dùn mọ́ mi nínú. Ó bi mí pé kí ni mo fẹ́ kí iná náà ṣe, mo sì ka gbogbo ohun tí mo ti ń kà fún ara mi. Ó jẹ́ kí n parí, ó wá ní, "Àǹtí, nínú gbogbo èyí, èwo ni ẹ ò lè ṣe aláìní?" Mo wo bàbá mi. Mo ní, "Fíríìjì." Ó ní, "Ó dáa. Fíríìjì àti gílóòbù díẹ̀. Kí a bẹ̀rẹ̀ látibẹ̀."

Ó wá rìn yí ilé wa ká. Ọgbà wa kò tóbi. Ilé pákó tó dúró lórí òpó ni, ìlà igi àgbọn tí ìyá mi gbìn kó tó kú wà níwájú rẹ̀ níhà òkun, ilé alájà méjì kan tí ọmọ ìlú wa tó ń gbé Èkó kọ́ sì wà ní ẹ̀gbẹ́. Ó wo òkè igi, ó wo òrùlé, ó mi orí.

"Afẹ́fẹ́ tó bá gba àárín igi kọjá ti dàrú kó tó dé ibi tí à ń lọ," ni ó wí. "Á fẹ́ fáànù síbí, á tún fẹ́ ẹ sọ́hùn-ún. Kò ní mú iná wá, ẹ̀rọ ni yóò máa bàjẹ́."

Mo ní, "Ṣé a ò lè gbé e sórí òrùlé, kó ga ju igi lọ?"

"Ilé pákó? Tó bá ń yí, gbogbo ilé á máa gbọ̀n pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ ò ní rí oorun sùn."

Bàbá mi ní, "Inú ọkọ̀ ojú omi ni mo ti sun èyí tó pọ̀ jù nínú oorun mi." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹnjiníà kò yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Ohun tó ṣe ni pé ó fi ẹ̀rọ kékeré kan tó ń wọn agbára afẹ́fẹ́ sórí ọparun gíga kan lẹ́yìn ilé wa. Ó ní ẹ̀rọ náà á máa tọ́jú ohun tó bá wọ̀n sínú ara rẹ̀, òun á padà wá wò ó. Ó ní púpọ̀ nínú àwọn tó ń pe òun nítorí afẹ́fẹ́, sólà ni òun ń ní kí wọ́n fi kún. "Ìnáwó ńlá ni. Kò yẹ kí n fi ọ̀rọ̀ dídùn gbà á lọ́wọ́ yín."

Nígbà tó padà wá, tó so ẹ̀rọ náà mọ́ kọ̀ǹpútà rẹ̀, mo ti rí èsì lójú rẹ̀ kó tó lanu. Afẹ́fẹ́ ẹ̀yìn ilé wa kò tó nǹkan. Bàbá mi ní, "Ẹ gé igi àgbọn náà." Bó ṣe sọ ọ́ wẹ́rẹ́ dùn mí ju ká ní ó pariwo lọ, nítorí mo mọ ohun tí àwọn igi yẹn jẹ́ sí i. Ṣùgbọ́n ẹnjiníà ní ká má gé e, torí tí a bá tiẹ̀ gé gbogbo rẹ̀, ilé alájà méjì náà ò ní kúrò níbẹ̀. Ó wá fi sùúrù sọ ọ́: "Àǹtí, ilẹ̀ yín kò gba ẹ̀rọ yìí."

N kò sunkún lójú rẹ̀. Ìgbà tí ọkọ̀ rẹ̀ ti lọ ni mo tó sunkún.

Láàárín ọ̀sẹ̀ náà, mo ń dáná púpurú, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ ìlú wa, àti ọbẹ̀ lẹ́yìn ilé lẹ́yìn tí a jáde ilé ẹ̀kọ́, èéfín sì ń yọ mí lẹ́nu bó ṣe máa ń ṣe. Ó ń gòkè, ó ń yípo, ó ń padà sí mi lójú. Mo bọ́ síta láti nu ojú mi, mo sì gbójú sókè. Ní ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún, níbi tí Ìyá Ẹlẹ́ja ti ń yan ẹja, èéfín kò gòkè rárá. Ó dùbúlẹ̀ gbọọrọ, ó ń sáré lọ sí ìhà oko lọ́nà kan ṣoṣo, kò yà sọ́tùn-ún, kò yà sósì. Ojoojúmọ́ ni mo ń rí èéfín yẹn láti kékeré, n kò sì wò ó rí. Mo dúró tí mo ń wò ó títí ọbẹ̀ mi fi jóná.

Ilẹ̀ gbalasa ni ọgbà Ìyá Ẹlẹ́ja, iyanrìn tó le, kò sí igi, kò sí ilé gíga láàárín rẹ̀ àti òkun, ó sì jìnnà sí etí omi díẹ̀, níbi tí òkun kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ilẹ̀. Ìṣòro kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ó sì tóbi. Ìbátan bàbá mi ni ọkọ rẹ̀ tó ti kú, ọmọ agbo ilé kan náà. Àwọn méjèèjì jọ dàgbà, wọ́n jọ ń pẹja, títí di ọjọ́ tí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ bàbá mi gé àwọ̀n ọkùnrin náà. Èyí ní kò so àmì mọ́ àwọ̀n, ìyẹn ní kò wo iwájú. Wọn kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́ títí ikú fi dé. Nígbà tí wọ́n sin ín, bàbá mi jókòó sínú ilé, ó ti ilẹ̀kùn.

Mo ní màá lọ bá Ìyá Ẹlẹ́ja sọ̀rọ̀. Bàbá mi ní rárá. Ó na ọwọ́ mú ọ̀pá rẹ̀, ó ní, "Èmi ni mo máa lọ. Wá mú mi lọ́wọ́."

A gba orí afárá pákó lọ díẹ̀díẹ̀, ọ̀pá rẹ̀ ń kan pákó níwájú wa. Ìyá Ẹlẹ́ja ń yí ẹja padà lórí ààrò nígbà tó rí wa. Ó nà dúró, ó fi ọwọ́ nu ara aṣọ rẹ̀, kò sì kí wa. Bàbá mi wí pé, "Ìyàwó wa."

Orúkọ tó máa ń pè é nìyẹn nígbà tí ọkọ rẹ̀ wà láyé. Mo rí i tí ojú obìnrin náà yí padà.

"Mo wá bẹ̀ ọ́ ní nǹkan," ni bàbá mi wí, "ṣùgbọ́n kí n tó sọ ọ́, jẹ́ kí n sọ èyí tó yẹ kí n ti sọ. N kò wá síbi ìsìnkú ọkọ rẹ. Kì í ṣe pé inú ṣì ń bí mi. Ojú ló ń tì mí."

Ìyá Ẹlẹ́ja fa àpótí kan jáde, ó gbá eérú kúrò lórí rẹ̀. "Ẹ jókòó, ọkọ mi," ni ó wí. "Bàálé mi béèrè yín kí wọ́n tó kú. Mo ní ẹ ń bọ̀." Ó bu ẹja yíyan gbígbóná sínú àwo, ó gbé e lé bàbá mi lọ́wọ́, ó sì dúró tì í títí ó fi jẹ ẹ́. Ìgbà náà ló tó yíjú sí mi. "Kí ni ẹ fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi?"

Mo ṣàlàyé. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó ní, "Ṣé á tan gílóòbù fún mi ní ibi ààrò?" Mo ní á tan án. "Ṣé kò ní wó lu ẹja mi?" Mo ní a máa rí sí i. Ó ní, "Ẹ wá gbẹ́ ilẹ̀ yín. Ìgbà wo ni ilẹ̀ di tèmi nìkan nínú agbo ilé yìí?"

Ẹnjiníà padà wá gbé ọparun rẹ̀ sọ́dọ̀ Ìyá Ẹlẹ́ja, ẹ̀rọ náà sì wà níbẹ̀ láti ìgbà ọyẹ́ títí òjò àkọ́kọ́ fi rọ̀. Ilé ẹ̀kọ́ ni mo wà nígbà tó pè mí. "Àǹtí, ẹ ti ríbẹ̀ o! Bí ojú ọ̀run ṣe ń dúdú tó, bẹ́ẹ̀ ni afẹ́fẹ́ yẹn ń le sí i. Ìgbà tí sólà yín bá ń sùn ni yóò máa ṣiṣẹ́." Mo fò sókè níwájú àwọn ọmọ kíláàsì mi. Wọn kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi.

Òpó náà àti fáànù rẹ̀, tí mo fi gbogbo owó tí mo ti tọ́jú rà, dé láti Igbókọ̀dá nínú ọkọ̀ ńlá, ní ègé-ègé. Ẹnjiníà ti fi ọ̀dà kun irin rẹ̀ ní àkùntúnkùn, kí iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ má baà jẹ́ kó tètè dógùn-ún. Ó wọn ilẹ̀, ó rí i dájú pé bí òpó bá tiẹ̀ ṣubú, síhà ibikíbi tó bá wó sí, kò ní kan ààrò, kò ní kan ilé ẹnikẹ́ni. A gbẹ́ ihò jìn nínú iyanrìn, a da kọnkéré sí i. Nígbà tó wá di ọjọ́ tí a máa gbé òpó nà ró, àwọn ọkùnrin tó ń bọ̀ láti ojú omi kò lọ sílé. Wọ́n di okùn mú bí wọ́n ṣe máa ń dì í mú tí wọ́n bá ń wọ́ ọkọ̀ gòkè sórí iyanrìn, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orin tí wọ́n fi ń wọ́ ọkọ̀. Bàbá mi kò lè fa okùn, ṣùgbọ́n òun ló ń dá orin fún wọn. N kò gbọ́ ohùn rẹ̀ kó ròkè bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí ìyá mi ti kú. Òpó gbéra nílẹ̀, ó gòkè díẹ̀, ó tún gòkè, ó sì dúró ṣánṣán. Ẹnjiníà so okùn irin rẹ̀ mọ́lẹ̀ yíká, ó fa wáyà láti ibẹ̀ lọ sí bátìrì ilé wa àti sí ibi ààrò Ìyá Ẹlẹ́ja, ó tú fáànù náà sílẹ̀. Apá rẹ̀ mì lẹ́ẹ̀kan, bí ẹni ń ronú, lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Ariwo tó sọ ní etíkun lọ́jọ́ náà, àwọn tó wà lójú òkun gbọ́ ọ.

Òjò dé bó ṣe máa ń dé. Ojú ọ̀run pa dé. Sólà àwọn aládùúgbò kú lọ́kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n fíríìjì wa ń kùn ní igun pálọ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń gbé fóònù wọn wá gba iná. Mo máa ń jí lówùúrọ̀, màá fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ìgò oògùn, màá bá a ní tútù, màá sì lọ síbi iṣẹ́ mi bí ẹni tó jẹ́ gómìnà. Nígbà tí ìjì burúkú kan fẹ́ jà, a sọ òpó kalẹ̀ bí ẹnjiníà ṣe kọ́ wa, a sì tún gbé e nà ró nígbà tó kọjá.

Ẹ̀gbọ́n mi wá láàárín òjò náà, gẹ́gẹ́ bó ṣe ṣèlérí, pẹ̀lú báàgì òfìfo tó fẹ́ kó aṣọ bàbá sí. Ó rò pé ọ̀rọ̀ fáànù tí mò ń sọ lórí fóònù, ọ̀rọ̀ ìtùnú lásán ni. N kò bá a jiyàn. Mo ní ká jọ mú bàbá lọ sọ́dọ̀ dókítà ní Igbókọ̀dá, ohun tí dókítà bá sọ ni ká ṣe. Dókítà yẹ ẹ̀jẹ̀ bàbá mi wò, ó béèrè bó ṣe ń gba oògùn rẹ̀, ó béèrè ibi tí à ń tọ́jú rẹ̀ sí. Ó wá wo ẹ̀gbọ́n mi. "Ta ló ń tọ́jú bàbá yìí?"

Ẹ̀gbọ́n mi nawọ́ sí mi.

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n wà níbi tí wọ́n wà. Ara wọn ti balẹ̀ gan-an."

Bàbá mi na ọwọ́ gba fìlà rẹ̀, ó dé e, ó gẹ̀ ẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan bí ọ̀dọ́mọkùnrin, ó ní, "Ọkọ̀ Abereke máa ń tètè kún o. Ẹ jẹ́ ká lọ." Nínú ọkọ̀ padà sílé, ẹ̀gbọ́n mi dì mọ́ mi. Ó ní, "O ṣe é. O mà ṣe é." N kò tíì gba oyè kankan láyé mi tó dùn tó ọ̀rọ̀ yẹn.

Kó tó padà, ó dúró sí abẹ́ òpó náà, ó gbé orí sókè, ó ní, "Ó yẹ kí èmi náà gbé ọ̀kan sí ilé mi ní Ìbàdàn." Mo bi í pé kí ló yí ilé rẹ̀ ká. Ó ní ilé alájà mẹ́ta wà lọ́tùn-ún, ṣọ́ọ̀ṣì wà lósì, igi máńgòrò wà lẹ́yìn. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ra sólà."

Ó ti pẹ́ díẹ̀ báyìí. Àwọn ènìyàn ń wá láti Molútẹ̀hìn àti àwọn ìlú etíkun míràn láti wá béèrè lọ́wọ́ mi bóyá kí wọ́n ra tiwọn. Ìdáhùn mi kì í yá. Mo máa ń béèrè ohun tí wọn ò lè ṣe aláìní, màá béèrè ohun tó dúró láàárín wọn àti òkun, màá béèrè bí àwọn àti aládùúgbò wọn ṣe rí. Ìbéèrè ìkẹyìn yìí máa ń yà wọ́n lẹ́nu. Púpọ̀ nínú wọn ni mo ti ní kí wọ́n fi owó wọn ra nǹkan míràn, àwọn kan bínú, àwọn kan sì padà wá dúpẹ́.

Bàbá mi ti darúgbó gan-an, ojú rẹ̀ kò ríran jìnnà mọ́, ṣùgbọ́n Abereke ló wà. Lọ́sàn-án, ó máa ń lọ jókòó sọ́dọ̀ ìyàwó ìbátan rẹ̀, àwọn méjèèjì á sì máa jiyàn lórí ẹni tó ni fáànù. Ó ní owó ọmọ òun ni wọ́n fi rà á. Ìyá Ẹlẹ́ja ní orí ilẹ̀ ọkọ òun ló dúró lé. Mo máa ń gbọ́ ohùn wọn láti kíláàsì mi tí afẹ́fẹ́ bá ń bọ̀ láti ìhà ibẹ̀, n kì í sì í lọ là wọ́n.